Ẹ̀tẹ̀ Lẹ Fi Sílẹ̀, Làpálàpá Lẹ Ń Pa: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Tún Mọ́tò Àtijọ́ Ṣe

Mo fẹ́ jà lónìí, mo sì fẹ́ kí ẹni tí mò ń bá jà tètè mọ ara rẹ̀. Kì í ṣe pánẹ́ẹ̀bítà ni mo ń bá wí. Kì í ṣe wẹ́dà, kì í sì í ṣe pẹ́ńtà. Ẹ̀yin olówó mọ́tò ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní Peugeot 504, Beetle tàbí Mercedes àtijọ́, tí ẹ ń pariwo kiri pé ẹ ti sọ ọ́ di tuntun, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dà nìkan lẹ rà. Ẹ̀yin lẹ ń pa àwọn mọ́tò wọ̀nyí, ẹ̀yin náà lẹ sì ń pa iṣẹ́ ọwọ́ tó lè gbà wọ́n là.

Kàdúná ni mò ń gbé, ìlú tí a ti ń to Peugeot pọ̀, nítorí náà 504 ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1968 ló kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ Faransé. Ilé iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló ya àwòrán ara rẹ̀, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ mọ́tò tó peregedé jù lọ ní Yúróòpù fún 1969. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti Kàdúná ṣílẹ̀kùn. Àwọn Faransé jáwọ́ nínú sàlúùnù 504 ní 1983, ṣùgbọ́n níbí, a ṣì ń to ó pọ̀ lẹ́yìn ọdún 2000. Òun ni ọ̀gá ìjọba ń gùn lọ sí ọ́fíìsì. Wàgọ́ọ̀nù rẹ̀ onílà ìjókòó mẹ́ta ló ń kó èrò láti Kánò lọ sí Máídúgùrì, tó ń gba Sókótó wọ orílẹ̀-èdè Niger. Ìdílé wo ni kò ní ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ nínú 504? Ẹ má sọ fún mi pé mọ́tò Faransé ni. Ó ti di tiwa tipẹ́.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kù? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kú. Àwọn kan ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí Hausa ń pè ní ’yan gwangwan, àwọn tó ń ra irin àlòkù, tí wọ́n á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ. Ikú yẹn hàn sí gbogbo ènìyàn, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èkejì ló ń dùn mí jù, nítorí pé ìpàtẹ́wọ́ la fi ń sìn ín lọ. Olówó mọ́tò á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á fi sáńpépà ha ibi tó dógùn-ún. Bí ihò bá wà níbẹ̀, wọ́n á ki nẹ́ẹ̀tì tàbí bébà ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, wọ́n á po fílà lé e lórí, wọ́n á ha á kó dán, wọ́n á sì fọ́n ọ̀dà sí i. Mọ́tò á máa kọ mànà. Wọ́n á yà á ní fọ́tò. Nígbà tí òjò ọdún kejì bá fi máa dá, ọ̀dà náà á ti wú, á ti là, ìpáàrà á sì ti yọjú padà, ó sì ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Orúkọ fílà yìí bá a mu, nítorí ó jọ fìlà. Ó ń bo orí, kì í wo ohun tó wà lórí. Oje oníke kan ni, tí wọ́n pò mọ́ ẹ̀tù lúbúlúbú, tí wọ́n ń fi ohun tí ń mú un le sí kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́. Bí kò bá sí ọ̀dà tó bò ó dáadáa, omi ni yóò máa fà mu. Irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti jọ kan irin, ìpáàrà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìpáàrà sì máa ń gbà ju àyè irin tó jẹ lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀dà sókè bí ìléròrò. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ló ti ń bọ̀ wá síta. Nígbà tí ẹ bá fi rí ìléròrò kékeré kan lóde, ohun tó wà nínú ti di ihò. Ẹni tó bá wá po fílà lé ìléròrò yẹn lórí ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sínú ilé ni.

Ẹnì kan lè sọ pé, “Ẹ̀wà lásán ni ọ̀rọ̀ ara mọ́tò, kí ló kan ìjà níbẹ̀?” Kì í ṣe ẹ̀wà lásán o. Sàlúùnù 504 kò ní ṣáásì tó dá dúró lábẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́tò, irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, òpó tó di òrùlé mú, gbogbo wọn ló jọ ń ru ẹ̀rù. Beetle sàn díẹ̀, nítorí ó ní pèpéle ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi bóòtù de ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun náà kò lè dúró bí pèpéle yẹn bá jẹrà. Bí irin abẹ́ ilẹ̀kùn 504 bá ti jẹrà, tí ẹ wá fi fílà mọ àwòrán irin síbẹ̀, ẹ ti fi egungun amọ̀ rọ́pò egungun gidi. Lọ́jọ́ tí mọ́tò mìíràn bá kọ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀dà kò ní gba ọmọ tó jókòó sẹ́yìn là.

Mo ní ọ̀kan, sàlúùnù 1982 tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ìpáàrà ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì, ó sì ti dá ihò sí ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé. Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin láti béèrè iye tí wọ́n máa gbà. Ní mẹ́ta nínú wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, “Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?” Ní ẹ̀kẹrin, bàbá àgbà kan bẹ̀rẹ̀, ó fi sùkùrùdíráfà gún abẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì wọlé bí ìgbà tí èèyàn ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀kọ. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ọ̀gá, ṣé ọ̀dà lẹ fẹ́ rà ni àbí mọ́tò?” Mo ní, “Màláámù, mọ́tò ni mo fẹ́. Kí ló dé tí àwọn yòókù kò bi mí bẹ́ẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti pẹ́ gan-an tí ẹni tó fẹ́ sanwó ti béèrè irin lọ́wọ́ òun.

Ibẹ̀ ni ẹ̀sùn mi wà. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí iṣẹ́ gidi jẹ́, kí a lè mọ ohun tí ẹ kò fẹ́ san owó rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ bó ọ̀dà kúrò títí irin fi máa hàn. Wọ́n á gé gbogbo ibi tó jẹrà dànù, wọn ò ní dúró títí wọn á fi kan irin tó funfun. Wọ́n á fi bébà líle gé àwòrán ibi tí wọ́n gé kúrò, wọ́n á gé páànù tuntun gẹ́gẹ́ bí àwòrán náà, wọ́n á wá fi hámà lù ú, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn, títí á fi tẹ̀ bí ti àtijọ́. Páànù ara mọ́tò kì í sábà nípọn tó mìlímítà 1, nítorí náà wẹ́dà kò gbọ́dọ̀ jó o lọ gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni, á kan ibí, á kan ọ̀hún, á jẹ́ kó tutù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iná á mú un wọ́. Ibi tó bá wú, wọ́n á fi iná tọ́ ọ títí á fi pọ́n, wọ́n á fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́ kó lè sún kì. Wọ́n á la ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, èyí tí iyanrìn ọyẹ́ ti dí. Wọ́n á fi ohun tí kò jẹ́ kí irin dógùn-ún kun inú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ ọ̀dà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kàn.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ fẹ́ gbé e lọ síbi ìgbéyàwó ní Sátidé. Ẹ óò ra ọ̀dà tó wọ́n jù lọ láì janpata. Bí pánẹ́ẹ̀bítà bá wá dárúkọ owó irin, ẹ óò dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ẹ óò máa yọ owó rẹ̀ títí kò fi ní ku nǹkan kan fún un. Ó ní aya, ó ní ọmọ. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Á pe ọmọ iṣẹ́ kó lọ ra fílà wá. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ náà sì ń kọ́ nìyẹn. Kò kọ́ hámà, kò kọ́ bí a ti ń tẹ páànù. Bí a ti ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ló kọ́. Ẹ lọ sí Panteka níbí ní Kàdúná, ẹ lọ sí Suame Magazine ní Kumasi, ní Ghana. Ẹ óò rí àwọn tó lè fi páànù lásán ṣe ohun tí ẹ rò pé ẹ̀rọ nìkan ló lè ṣe é. Bí wọ́n bá lọ tán láìfi iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ má sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ló ya ọ̀lẹ. Owó ni ọ̀dọ́ ń tẹ̀ lé, fílà lẹ sì ń sanwó fún.

Mo mọ ohun tí ẹ óò fi dá mi lóhùn. Àkọ́kọ́, pé fílà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwọn òyìnbó náà ń lò ó. Òótọ́ ni. Lórí irin tó mọ́, tó sì le, kí a fi fílà fẹ́lẹ́ tí kò ju mìlímítà 3 lọ dí ibi tó jìn díẹ̀, kò burú. Àtíkè ni lórí awọ ara tó yá gágá. Ohun tí mò ń bá jà ni fílà tó sọ ara rẹ̀ di irin.

Èkejì, pé kò sówó. Èyí náà yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan lè ṣe ilẹ̀ àti abẹ́ ilẹ̀kùn lọ́dún yìí, kó kun púráímà sí i, kó sì máa gùn ún bẹ́ẹ̀ láìsí ìtìjú. Mọ́tò tó ní àwọ̀ mẹ́ta, tí irin rẹ̀ le, sàn ju èyí tó ń dán tí inú rẹ̀ ti jẹrà. Ẹni tó bá sì ń kun ọ̀dà ní ọdún méjì méjì, ṣé ìyẹn kì í ṣe owó ni?

Ẹ̀kẹta, pé kí a kó o lọ sókè òkun. Kí la fẹ́ kó o lọ síbẹ̀ ṣe? Òjò àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ló jẹ ọ̀pọ̀ 504 tiwọn run. Ilẹ̀ tó gbẹ bíi Kánò, Sókótó àti Agadez ló ń tọ́jú irin. Ohun tí afẹ́fẹ́ òkun ń ṣe fún mọ́tò ní Èkó àti Wàrí, kò sí irú rẹ̀ ní Àríwá. Irin wà níbí, ọwọ́ wà níbí.

Ẹ tún rántí pé kì í ṣe gbogbo àpá ló yẹ ká pa rẹ́. Mercedes dúdú tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976 wà ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Onikan, l’Ékòó, pẹ̀lú ihò ọta lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá dí àwọn ihò yẹn, tó fọ́n ọ̀dà tuntun sí i, kí ló kù? Mọ́tò kan ṣá. Irin ló ń jẹ́rìí, ọ̀dà kì í jẹ́rìí. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa béèrè pé báwo ni yóò ṣe dán tó, yóò béèrè pé kí ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò àtijọ́, ẹ yọ irin òòfà lára sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà, kí ẹ máa fi kan ara mọ́tò. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, fílà ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé e fún pánẹ́ẹ̀bítà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kun púráímà kí ẹ tó fi ojú yín rí irin ní ìhòòhò. Ẹ pín owó sí ìpele: nígbà tí wọ́n bó o tán, nígbà tí wọ́n jó o tán, nígbà tí wọ́n kùn ún tán. Kí ti irin pọ̀ ju ti ọ̀dà lọ. Ẹ ra ìbòmú tó dára fún ọmọ iṣẹ́ tó ń ha fílà, tó ń fọ́n ọ̀dà, nítorí ẹ̀dọ̀fóró kò ní sípéá páàtì. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, nígbà tí ẹ bá ń gbé fọ́tò mọ́tò yín jáde, ẹ dárúkọ ẹni tó lu irin, ẹ má dárúkọ iye tí ẹ ra ọ̀dà nìkan.

Bí ẹ kò bá lè ṣe èyí, ẹ fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún ẹni tó lè ṣe é. Kó wà lábẹ́ igi pẹ̀lú ìpáàrà tó hàn gbangba sàn ju kí ẹ kùn ún, kí ẹ tà á fún ẹni tí kò mọ̀, kó sì kó ìyàwó àti ọmọ sínú rẹ̀. Ìpáàrà tó hàn kì í purọ́ fún ẹnikẹ́ni.