Owó Béèlì Tí Ẹ Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìtòkò,

Owó ti wọlé, ọmọ ti délé, ẹ sì ti dúpẹ́ títí. Inú mi ò dùn.

Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni ọlọ́pàá wá mú. Wọn ò bá a nílé, ni wọ́n bá gbé àbúrò tó ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. “Ọ̀fẹ́ ni béèlì” wà lára ògiri àgọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n gbé e lọ gàdàgbà. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Bùọ̀dá dúró sí tí wọ́n ń ka nọ́ńbà àkáǹtì oní-POS fún mi.

Mo ní kí lorúkọ ọlọ́pàá tó mú un? Wọ́n ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀, pé èmi wà lọ́hùn-ún, àwọn ló wà nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí òótọ́ ni: kò sẹ́ni tó máa wá kanlẹ̀kùn mi lóru ní Peckham. Ṣùgbọ́n ṣé ojú ò lè wo nọ́ńbà tó wà láyà aṣọ ọlọ́pàá yẹn ni?

Kì í ṣe pé ìlú òyìnbó sàn. Ní 2010, ọlọ́pàá mọ́kànlá ló dì mọ́ Seni Lewis, ẹni ọdún 23, nílé ìwòsàn ọpọlọ kan ní gúúsù London. Kò yè é. Ìyá rẹ̀, Ajibola, ò gbà pé ó ti ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn. Ọlọ́pàá kankan ò ṣẹ̀wọ̀n, àmọ́ obìnrin yìí ò dákẹ́ títí òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ fi jáde ní 2018: ọlọ́pàá tó bá lọ ṣiṣẹ́ nírú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé kámẹ́rà kọ́ra, bó bá ti lè ṣeé ṣe.

Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, ẹ fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìwọ́de EndSARS, ìgbìmọ̀ Adájọ́-fẹ̀yìntì Solomon Olúgbèmí jókòó l'Ábẹ́òkúta níbẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà ìkà ọlọ́pàá. Ta ló lọ nínú yín? Àwọn ará àtijọ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀: ní 1914, tí baba arúgbó Ṣóbìyí Pọ́nládé kú sí àhámọ́, àwọn ará Ìjemò l'Ábẹ́òkúta jáde, wọ́n ní kí Akọ̀wé ìjọba Ẹ̀gbá kúrò nípò. Sójà yìnbọn lù wọ́n. Mi ò ní kí ẹ lọ dúró síwájú ìbọn o. Ìwé ẹ̀sùn ni mo ní kí ẹ kọ.

Ẹ bi ọmọ náà ní nọ́ńbà tó rí láyà ọlọ́pàá yẹn. Rìsíìtì owó wà lọ́wọ́ mi. Lọ́yà ni màá san owó fún lóṣù yìí. Owó páànù òrùlé a dúró ná.