Ẹja ọdẹ ni, kì í ṣe ẹja eré

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó rí fún ọ̀rọ̀ tuntun tí ó ń ti èdè mìíràn wọ inú èdè Yorùbá. Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ mọ́ ẹja. Ó kan àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, nítorí pé ilẹ̀ wọn wà láàárín odò méjì: Ouémé ní ìwọ̀-oòrùn, Okpara ní ìlà-oòrùn, níhà ààlà Nàìjíríà.

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń pẹja láìjẹ́ pé wọ́n fẹ́ tà á, tàbí pé ebi ń pa wọ́n. Ìwọ̀ àti okùn ni wọ́n ń lò. Èdè Faransé ń pe iṣẹ́ yìí ní pêche sportive. Kì í ṣe gbogbo ẹja ni wọ́n ń wá, bí kò ṣe èyí tí ó lágbára, tí ó máa ń bá apẹja jà kí ó tó gbà. Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, lórí adágún Kariba, ìdíje ńlá kan ti wà láti ọdún 1962 fún irú ẹja bẹ́ẹ̀, tí eyín rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ní Íjíbítì, lórí adágún Nasser, ẹnì kan fi ìwọ̀ mú ẹja capitaine kan ní ọdún 2000, tí ó wọn ju kílò 104 lọ. Ẹgbẹ́ kan tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1939 ni ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ irú nǹkan wọ̀nyí.

Capitaine kì í ṣe àjèjì ní Benin, nítorí pé ó ń gbé inú odò Ouémé. Ṣùgbọ́n ní etí òkun, ẹja mìíràn ni wọ́n ń pè ní capitaine, èyí tí ó ní fọ́nrán tín-ín-rín bí irùngbọ̀n. Orúkọ kan, ẹja méjì! Ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ náà ní láti kọ́kọ́ bèèrè bóyá ti odò ni tàbí ti òkun. Èyí fi hàn pé orúkọ tí a kò fara balẹ̀ yàn lè da ọ̀rọ̀ rú.

Kí ni kí Yorùbá wá máa pe àwọn ẹja tí àwọn oníwọ̀ wọ̀nyí fẹ́ràn? Ó rọrùn láti sọ pé “ẹja eré”. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún wọn ní ìtumọ̀ méjì: eré ni ọ̀kan, ẹran tí ọdẹ ń lé sì ni èkejì. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ó wà nínú orúkọ àwọn ẹja náà. Yorùbá pàápàá kò sì gbọ́dọ̀ lọ jìnnà kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹni tí ó ń dẹ igbó ni ọdẹ. Ẹni tí ó ń dẹ odò ni adẹdò. “Dẹ” kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Nítorí náà, “ẹja ọdẹ” ni orúkọ tí ó yẹ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé lásán. Ohun eré kò ní òfin púpọ̀. Bí ọmọdé bá ṣeré tán, a jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdẹ ní èèwọ̀. Ọdẹ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ pa ẹran tí ó lóyún, nítorí pé ó mọ̀ pé ọ̀la igbó wà nínú ikùn ẹran náà. Bákan náà ni ọ̀la odò wà nínú ikùn ẹja. Abo capitaine ńlá kan lè yé ẹyin tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọ̀n olójú kékeré sì ń kó ọmọ ẹja kí ó tó dàgbà débi tí yóò fi yé ẹyin kankan.

Òfin ẹja pípa ti Benin, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ka fífi májèlé tàbí ohun abúgbàù pẹja léèwọ̀. Ṣùgbọ́n èdè Faransé ni a fi kọ ọ́. Adẹdò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ní èdè Yorùbá nílò ọ̀rọ̀ tí yóò fi jíròrò òfin náà ní ìpàdé abúlé.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹni tí ó ń pẹja fún ìgbádùn lè dá ẹja padà sínú omi, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ọmọ márùn-ún láti bọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ìnira wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá tán nínú odò, ta ni yóò jìyà jù? Olówó tí ó ń wá ìgbádùn yóò gbé ìwọ̀ rẹ̀ lọ sí odò mìíràn. Adẹdò Ṣábẹ̀ẹ́ kò ní odò mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ó ń yan ẹja tà ní ọjà kò ní ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, àǹfààní dídá ọmọ ẹja padà pọ̀ fún ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ ju ẹni tí ó ń fi í najú lọ.

Ó yẹ kí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà kọ̀ọ̀kan tí ó wà nítòsí odò kọ orúkọ àwọn ẹja rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà adẹdò ṣe ń pè wọ́n. Kí wọ́n kọ “ẹja ọdẹ” sí iwájú èyí tí ó tóbi tí ó sì ṣọ̀wọ́n, kí wọ́n sì kọ ìwọ̀n tí ó kéré jù tí abúlé gbà pé kí a mú. Orúkọ ní í ro ọmọ. Bí a bá pè é ní ẹja eré, a ó fi odò ṣeré. Bí a bá pè é ní ẹja ọdẹ, a ó rántí èèwọ̀ rẹ̀.