Ilé gogoro kọ́ ló ń kọ́mọ

Bí òbí kan ní Sẹkọ̀nà bá ń wá ilé-ìwé girama ìjọba tí yóò fi ọmọ rẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í tán bọ̀rọ̀. Àwọn kan á ní ti ìtòsí ló dáa, ọmọ á fẹsẹ̀ rìn lọ, á sì tètè délé. Àwọn mí-ìn á ní rárá o, Ẹdẹ ni kó lọ. Àwọn tí ojú wọn tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, Òṣogbo ni wọ́n ń wò, níbi tí Ààrẹ Buhari ti ṣí ilé-ìwé ńlá tó lè gba 3,000 akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún 2016, láyé ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá.

Ilé náà rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ṣé ilé ló ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni? Arẹ́gbẹ́ṣọlá da àwọn ilé-ìwé kan pọ̀, ó ní kí gbogbo wọn máa wọ aṣọ kan náà. Nígbà tó di 2020, Oyètọ́lá dá ètò náà padà sí ti tẹ́lẹ̀. Òbí ra aṣọ, ó tún ra òmíràn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ béèrè: ṣé tíṣà ìṣirò àti físíìsì wà níbẹ̀? Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì kan? Báwo ni èsì WAEC wọn? Kẹ́ ẹ wá ṣírò owó ọkọ̀, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí owó ọkọ̀ bá gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ, kí ni tíṣà fẹ́ rí kọ́ ọ? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mí-ìn wọ̀ ọ́.