Ilé Òṣìṣẹ́ Náà Tọ́ sí Ìtọ́jú

Ní ìparí ọdún 2017, èrò ń wọ́ lọ sí ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, síbẹ̀ wọn ò wá wọkọ̀. Àfihàn iṣẹ́ ọnà ni wọ́n wá wò. Lagos Biennial àkọ́kọ́, tí Folákúnlé Ọ̀ṣun dá sílẹ̀, ló pàtẹ sínú ilé ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin láyé àtijọ́. Ilé ọ̀hún ti dahoro. Àwọn oníṣẹ́ ọnà gbé iṣẹ́ wọn sáàárín àwọn ọkọ̀ tó ti kú sórí irin, tí wọ́n ti dógùn-ún.

Ilé náà ti níyì kí oníṣẹ́ ọnà kankan tó débẹ̀.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí lásán. Láàárín irin méjì tí ọkọ̀ ń gùn, wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò gbọọrọ tí mẹkáníìkì á bọ́ sí, tí á gbójú sókè máa wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì bí alápatà tó ń yẹ inú ẹran wò. Èédú ni ẹ́ńjìnnì ìgbà náà ń jẹ, omi ló ń mu. Tí wọ́n bá dáná sí i, ọ̀pọ̀ wákàtí ló máa fi gbóná kó tó lè fa ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n ń kó eérú, tí wọ́n ń fi gírísì ra irin. Nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì ni òrùlé ṣe ga tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Nígbà tó di 1901, ọkọ̀ ti ń dé Ìbàdàn. Lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ni ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ ti mọ owó oṣù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti mọ agbára ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Lóṣù kẹfà 1945, lẹ́yìn tí ogun Hitler ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n gógó tí owó oṣù sì dúró sójú kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará rélùwéè wà níwájú, Michael Imoudu tó jẹ́ olórí wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí ìjọba há a mọ́ dé ni. Ó lé ní ogójì ọjọ́ kí wọ́n tó padà. Hubert Ògúndé fi ìyanṣẹ́lódì náà ṣe eré orí ìtàgé, ó pè é ní Strike and Hunger.

Nínú ọgbà yìí kan náà, ilé kan wà tó rí ojúrere. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ Jaekel House, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ọ̀gá àgbà ń gbé. Ẹgbẹ́ Legacy, tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tún un ṣe ní 2010, ó sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Iṣẹ́ tó dára ni. Àmọ́ ilé ọ̀gá nìyẹn. Ta ni yóò tún ilé àwọn tó ń wọ aṣọ iṣẹ́ elépo ṣe? A mọ bí a ṣe ń tọ́jú ààfin ọba àti ilé òyìnbó, ṣùgbọ́n ibi tí òṣìṣẹ́ ti làágùn ni a kọ́kọ́ ń fojú ààtàn wò.

Òfin nìkan kò lè gba irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Láti 1956 ni wọ́n ti kéde Ilé Ìlọ́jọ̀, tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Èkó, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ilé tí aráàlú ń lò ló máa ń rí olùgbèjà. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street di Freedom Park ní 2010: ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn ni wọ́n gbé ìtàgé sí, oúnjẹ sì ń lọ níbi tí ilé ìdáná ẹ̀wọ̀n wà.

Ní Cape Town, ilé gogoro tí wọ́n ń kó ọkà sí láti àwọn ọdún 1920 di ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Zeitz MOCAA ní ọdún 2017 kan náà. Thomas Heatherwick, tó ya àwòrán rẹ̀, mú hóró àgbàdo kan ṣoṣo, ó sọ ìrísí rẹ̀ di ńlá, wọ́n sì gé e sínú àwọn ọ̀pá kọnkéré méjìlélógójì tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá wọlé kò lè gbàgbé pé àgbàdo ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀.

Wọ́n á ní owó dà, nígbà tí ilé ìwòsàn ò lóògùn. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń béèrè irú owó Cape Town. Bí wọ́n bá ká páànù tó ń jò kúrò, tí wọ́n fi irin yí àwọn kòtò ká, tí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ohun tó ṣẹ́kù sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Títí dìgbà náà, kò yẹ kí ọ̀dọ́ oníkámẹ́rà máa fo ògiri wọ irú ahoro bẹ́ẹ̀. Irin tó ti jẹrà àti páànù ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun eré.

Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ló yẹ kó máa mú àlejò káàkiri, kí wọ́n sì máa gbowó iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà, ohun tí wọ́n mọ̀ ò sí nínú fáìlì kankan. Àjọ Rélùwéè ló ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ló ń wá ibi tí àlejò yóò máa lọ. Kí àwọn méjèèjì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀, kí wọ́n ṣí i.