Àṣírí Oníbàárà Bọ́ Sọ́jà Gbàǹjo

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ná! Lọ́dún 2016, báńkì Morgan Stanley ní Amẹ́ríkà fẹ́ palẹ̀ ilé kọ̀ǹpútà méjì mọ́. Dípò kí wọ́n wá ẹni tó mọ bí a ti ń pa ohun inú ẹ̀rọ rẹ́, àwọn tó ń bá èèyàn kó ẹrù ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Àwọn yẹn ta ẹ̀rọ, ẹni tó rà á tún un tà, ló bá dé orí gbàǹjo íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2017, ọkùnrin kan ní Oklahoma tó rà níbẹ̀ ṣí i wò. Háà! Àṣírí oníbàárà ló rí ketekete. Ló bá kọ̀wé sí báńkì.

Ta ni ìjọba bu owó ìtanràn lé? Báńkì ni! Mílíọ̀nù 60 dọ́là lọ́dún 2020, mílíọ̀nù 35 míì lọ́dún 2022. Wọ́n ní kò wádìí ẹni tó gbéṣẹ́ fún dáadáa, kò sì ṣọ́ wọn.

Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo. Télọ̀ tó gbé léèsì oníbàárà fún ẹlòmíì ṣe, tí léèsì bá sọnù, ta ni oníbàárà máa dì mú? Ẹ bi báńkì tiyín náà léèrè: ta ló ń bá wọn kó ẹ̀rọ tó ti gbó?