Ìbọn Ní Apátí, Kò Ní Apátí

Níbi ìsìnkú àgbà ọdẹ kan lábúlé kan lẹ́bàá Àkànrán, géńdé kan gbé ṣakabùlà olóògbé, ó kọjú ẹnu rẹ̀ sí àwa tí a jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó ń rẹ́rìn-ín pé kò sí ẹ̀tù nínú rẹ̀. Mo bá a wí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti Houston wálé wá gbèjà rẹ̀: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé yìí, ẹ̀rù ìbọn ti bà yín jù. Ta ní ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wa ní Texas?"

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn sí òun? Ọmọdé mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ẹni tí wọ́n kọjú ìbọn sí ni òwe náà ń gbẹnu sọ fún, kì í ṣe ẹni tó gbé e dání. Òfin ìbọn tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, n ò lè pè é lófin.

Arákùnrin náà ò purọ́ o. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 ní Texas, tí òfin ò sì ka ìbọn léèwọ̀ fún, lè fi ìbọn ìléwọ́ sábẹ́ aṣọ láìgba ìwé kankan. Láti 1791 ni òfin àgbà Amẹ́ríkà ti ka ìbọn mọ́ ẹ̀tọ́ ará ìlú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò mẹ́nu ba ilẹ̀ Britain? Ní oṣù Kẹta 1996, ọkùnrin kan tí ìwé ìbọn rẹ̀ pé wọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dunblane, ní Scotland, ó pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn. Lọ́dún 1997, wọ́n ṣòfin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìbọn ìléwọ́ tán lọ́wọ́ gbogbo ará ìlú. Ní Japan, ẹni tó fẹ́ ra ìbọn ọdẹ á ṣèdánwò, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, ọlọ́pàá á sì wá wo ibi tí yóò tì í mọ́ nílé.

Òfin Ìbọn 1959 ni tiwa ní Nàìjíríà. Ààrẹ ló ń fọwọ́ sí ìbọn ìléwọ́ àti ti ológun. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí ìbọn ọdẹ oníkátíríìjì. Aláṣẹ tí ìpínlẹ̀ bá yàn ló ń fúnni níwèé ṣakabùlà. Òfin tó le ni, lórí ìwé. Ẹ wọ ahéré ní Lágelú tàbí Akínyẹlé, ẹ ó bá ṣakabùlà tó fẹ̀yìn ti ògiri. Wọ́n ti da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, wọ́n ti fi ọ̀pá kì í, wọ́n ti da ọta lé e, wọ́n sì fi àkísà dí i. Kò sí ọ̀nà tó rọrùn láti tú u ju kéèyàn yìn ín lọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà níbẹ̀ títí ẹni tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò fi gbé e.

Ẹnìkan á ní ṣebí ìbọn ni àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà fi já ara wọn gbà lọ́wọ́ owó orí. Irọ́ ni. Ìbọn pa àgbẹ̀, ó pa ọlọ́pàá. Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ wá bá Táfá Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀ ní 1969 ni ọ̀rọ̀ tó lójú.

Ti ajínigbé ló ká mi lára. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ sórí adìyẹ. Ẹni tó ń gbé AK-47 kiri inú igbó kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọdẹ tó ń ṣọ́ oko ni wọ́n ń dá dúró lójú ọ̀nà. Ìbàdàn níbí ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí ẹ̀ṣọ́ Amọ̀tẹ́kùn ní oṣù Kìíní 2020. Nígbà tí Akérédolù, gómìnà Oǹdó nígbà náà, béèrè ìbọn gidi fún wọn ní 2022, Àbújá kọ̀. Inú bí mi sí i, ó ṣì ń bí mi. Àmọ́ akátá ni òwe ní ká lé. Kò ní kí adìyẹ kọ̀ọ̀kan ra ìbọn tirẹ̀. Ẹ gbé e fún àwọn tó lọ́gàá, tí a mọ orúkọ wọn, tí a lè pè wá jẹ́jọ́.

Ti ṣakabùlà ò tilẹ̀ kan Àbújá. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Agodi rán akọ̀wé wọ abúlé, kí baálẹ̀ àti olúọdẹ dúró fún ẹni tó bá ní ìbọn, kí ìjọba fúnra rẹ̀ sì san owó ìwé náà. Àgbẹ̀ tó ń ta gbágùúdá kò gbọdọ̀ máa wọ mọ́tò lọ sígboro lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìwé kan ṣoṣo.