Ẹ yéé dá aláìsàn lẹ́bi, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ń lo oògùn mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ò wálẹ̀. Kí ni wọ́n máa sọ fún un? "Ẹ kì í lo oògùn yín. Ẹ ń ronú jù." Ó ti sú mi jàre.

Ẹ gbọ́. Tí agbára ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, kíndìnrín á tú renin jáde. Renin ló máa ń fa aldosterone jáde, aldosterone á wá ní kí ara di iyọ̀ àti omi mú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lára ẹlòmíì, aldosterone kì í gbọ́ ti renin mọ́. Renin ti sùn, òun ṣì ń kó iyọ̀ pamọ́. Ṣé ìrònú ló fa ìyẹn?

Dókítà Jerome Conn kọ nípa àìsàn yìí ní Amẹ́ríkà ní 1955. 1955 o! Nàìjíríà ò tíì gba òmìnira.

Renin tó lọ sílẹ̀ sì wọ́pọ̀ lára àwa adúláwọ̀. Lisinopril, ọ̀nà renin ló ń dí. Tí renin ò bá tó nǹkan, kí ló fẹ́ dí? Spironolactone ló ń kọjú sí aldosterone fúnra ẹ̀, oògùn àtijọ́ ni. (Ẹ má lọ dá a rà o! Ó lè mú kí potassium ga débi tó lè ṣe ọkàn léṣe.)

Ẹ bá màmá yín lọ sí kílíníìkì, kẹ́ ẹ bi dókítà: "Ṣé ẹ ti yẹ renin àti aldosterone wọn wò?" Tí wọ́n bá ní àwọn ò ní in ní láàbù àwọn, ẹ bi wọ́n níbi tó wà.